Màmá ti dé láti ọsibítù: ta ló máa kó ìtọ́jú wọn jọ sójú kan?

Àkànkẹ́_Ìdíàpẹ (Ìbàdàn)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní ìbéèrè kan, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ilé tiwa nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀.

Màmá wa ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n lápá ọ̀tún, wọ́n wà ní ọsibítù ńlá kan fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì ti dá wọn sílẹ̀. A dúpẹ́, ẹ̀mí ń bẹ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára wọn tẹ́lẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà náà sì wà. Ọjọ́ tí wọ́n ní ká máa lọ sílé, ìwé pélébé kan àti ọ̀rá oògùn ni wọ́n kó lé wa lọ́wọ́, wọ́n ní ká padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó parí.

Ẹ wá wo bí ilé ṣe rí báyìí. Físíò kan, ẹni tó ń fi ìdárayá mú ara ṣiṣẹ́ padà, ń wá, àbúrò mi tó wà l'Ékòó ló ń sanwó rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ń wá wo kátítà, rọ́bà tó ń fa ìtọ̀ jáde lára wọn, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà ló bá a dúnàádúrà lórí fóònù. Ọmọbìnrin tó ń bá wọn gbélé, ẹ̀gbọ́n Màmá ló mú un wá láti abúlé. Dókítà ẹ̀jẹ̀ ríru wà lọ́tọ̀, ti ìtọ̀ ṣúgà wà lọ́tọ̀. Àwọn ìyá ìjọ ń gbé àgbo wá ní Sátidé. Kò sí èyí tó mọ ohun tí èkejì ń ṣe. Físíò ní kí Màmá máa jókòó sórí àga láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n sinmi dáadáa. Ọmọbìnrin yẹn ò mọ èyí tó máa gbọ́, ó kúkú fi wọ́n sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Owó ń lọ, àwọn èèyàn ń wá, ṣùgbọ́n mi ò rí ibi tí gbogbo rẹ̀ ti pàdé. Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é?

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì (Abẹ́òkúta)

Àkànkẹ́, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ọlọ́run á gbé wọn dìde. Èmi ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí tipẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí ẹ kọ yìí ni mo ń bá nínú ilé tí mo bá wọ̀.

Ìwé kan àti ènìyàn kan. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ra ìwé Higher Education tó nípọn. Ojú ewé àkọ́kọ́: orúkọ Màmá, ọjọ́ orí, àwọn àìsàn tó wà lára wọn, oògùn tí ara wọn kì í gbà, nọ́ńbà fóònù ẹni tí a ó pè lóru. Ojú ewé kejì: gbogbo oògùn. Kì í ṣe “oògùn funfun kékeré” o. Orúkọ tó wà lára páálí gan-an, mílígíráàmù mélòó, ìgbà tí wọ́n ń lò ó, dókítà tó kọ ọ́, àti ohun tó wà fún. Bí ẹ ò bá mọ ohun tó wà fún, ẹ kọ “a ò mọ̀” síbẹ̀, kí ẹ bi dókítà. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ewé kan fún ọjọ́ kan: ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà, ohun tí wọ́n jẹ, bóyá wọ́n yàgbẹ́, bí ìtọ̀ ṣe rí, bí awọ ara ìdí àti gìgísẹ̀ ṣe rí. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé wá ṣiṣẹ́, físíò o, nọ́ọ̀sì o, ìyá ìjọ o, kó kọ ohun tó ṣe àti ohun tó ní kí wọ́n máa ṣe. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ, kò gbọdọ̀ gba owó.

Ènìyàn kan náà rèé: ẹ yan ẹni tí gbogbo ọ̀rọ̀ á máa gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Kò pọn dandan kó jẹ́ ẹni tó lówó jù. Ẹni tó wà nítòsí tó lè wo Màmá lójú ni. Ẹni tó wà ní Kánádà kò gbọdọ̀ pe nọ́ọ̀sì lẹ́yìn ẹni yìí mọ́. Ibi tó le jù nìyẹn, nítorí ẹni tó ń fi dọ́là ránṣẹ́ máa ń fẹ́ pàṣẹ.

Kí n tó gbàgbé: ta ló ní kí kátítà yẹn ṣì wà lára wọn? Kí ló sì fà á? Ẹ wá ìdáhùn rẹ̀ fún mi.

Dúpẹ́_Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Ìwé tí ẹ sọ yẹn, a ní irú rẹ̀ níbí. Iṣẹ́ “care”, ìyẹn títọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, ni mò ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, láti ilé arúgbó kan dé òmíràn. Tí o bá ti wọlé, fáìlì wà lórí tábìlì tàbí nínú fóònù rẹ, o máa ka ohun tí ẹni tó wá láàárọ̀ kọ kí o tó fọwọ́ kan ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé gbogbo nǹkan dán o. Níbí, NHS, ètò ìlera ìjọba, ló ni nọ́ọ̀sì àdúgbò, ọ̀fẹ́ ni. Káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ló ń ṣètò èmi tí mò ń wẹ ìyá, tí mò ń wọṣọ fún wọn, wọ́n sì máa yẹ àpò ìyá wò kí wọ́n tó mọ ẹni tí yóò sanwó. Ní England, tí ohun ìní wọn bá ti ju £23,250 lọ, àwọn fúnra wọn ni yóò san. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ọsibítù lè rí ìrànlọ́wọ́ ọ̀fẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó lè padà máa ṣe nǹkan fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìjíròrò owó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Mò ń wẹ ìyá kan, ọmọ Jàmáíkà, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa. Mo fọwọ́ kan gìgísẹ̀ wọn, ó gbóná, ó sì le ju èkejì lọ. Egbò ìdùbúlẹ̀ ló ń bọ̀ yẹn. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa sọ pé ká máa wo ibi tó pọ́n. Awọ dúdú wo ló ń pọ́n? Ọwọ́ lẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo pe ọ́fíìsì mi, ọ́fíìsì pe dókítà, dókítà kọ̀wé sí nọ́ọ̀sì. Kí nọ́ọ̀sì tó dé, awọ ti bó. Kò sí ẹni tó ṣe ọ̀lẹ nínú wa. Ọ̀nà ló gùn.

Ìjọba náà mọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 2022 ni òfin pín England sí agbègbè 42, pé kí ọsibítù, àwọn dókítà àti káńsù tó wà níbẹ̀ jọ máa pèrò pọ̀. Lórí ìwé, ó dára. Èmi tí mò ń wẹ ìyá, títí di òní, mi ò ní nọ́ńbà nọ́ọ̀sì yẹn lọ́wọ́.

Bàbá_Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ fẹ́ kó àìsàn òyìnbó wá bá wa. Ìwé, fáìlì, alámòójútó! Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Nígbà tí ìyá mi dùbúlẹ̀, ta ló kọ̀wé? Agbo ilé kún. Ìyàwó mi ń wẹ̀ wọ́n, àwọn ọmọ ń bá wọn sọ̀rọ̀, èmi ń ra oògùn. Wọ́n lo ọdún púpọ̀ lórí ìdùbúlẹ̀ kí wọ́n tó re ibi àgbà ń rè. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé gbogbo yín ti sá lọ sí Kánádà, ẹ wá ń wá ẹni tí ẹ máa gbé ìyá yín fún.

Ìyàwó_Ilé_Kúnlé (Ṣàgámù)

Ẹ kú àgbà, Bàbá. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi sọ ọ́ o. “Ìyàwó mi ń wẹ̀ wọ́n.” Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kúrú lẹ́nu yín?

Èmi náà ni ìyàwó tó ń wẹ ìyá ọkọ. Mò ń yí wọn padà lóru ní wákàtí méjì méjì kí egbò má baà yọ. Mo ti pa ṣọ́ọ̀bù mi tì. Ẹ̀yìn mi ò ṣe é tẹ̀ mọ́. Agbo ilé kún lóòótọ́, wọ́n ń wá kí wọn, wọ́n jẹun, wọ́n lọ. Kò sí ẹni tó bi mí rí bóyá mo sùn. Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì láti ilé ìlera wọ́ọ̀dù wá, ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá, ó wá ní kí n jókòó kóun wọn tèmi. Tèmi ga ju ti Màmá lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ ìwé yẹn, Nọ́ọ̀sì, ẹ fi ojú ewé kan sí i fún ẹni tó ń ṣe ìtọ́jú.

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì (Abẹ́òkúta)

Mo gbà. Ojú ewé kan fún yín, Ìyàwó Kúnlé. Kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹlòmíràn á wá dúró síbẹ̀ kí ẹ lè sùn, kí wọ́n fi orúkọ ẹni náà sí i, kì í ṣe “ẹnì kan á wá”.

Bàbá, ẹ má bínú. Ìyá tiyín ò lo oògùn mẹ́sàn-án láti ọwọ́ dókítà mẹ́ta. Àwọn tòní ń lò ó.

Kẹ́mísì_Òṣogbo

Ọ̀rọ̀ dé ibi tèmi. Àkànkẹ́, ẹ kó gbogbo oògùn Màmá sínú ọ̀rá kan, títí kan èyí tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí, èyí tí aládùúgbò fún wọn, àti ìgò àgbo. Ẹ gbé e lọ bá oníkẹ́mísì kan tó kàwé rẹ̀, kì í ṣe ọmọ tó ń bá a tajà. Ẹ ní kó wò ó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tí mò ń rí lójoojúmọ́ rèé. Àkọ́kọ́, glibenclamide fún ìtọ̀ ṣúgà. Nínú àgbàlagbà, ó máa ń pẹ́ lára, ó sì lè fa ṣúgà wálẹ̀ jù. Màmá kọ oúnjẹ alẹ́, wọ́n ti lo oògùn, ó di òru, wọ́n ń làágùn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ tí kò já mọ́ra. Àwọn ará ilé á ní ogun ilé ìyá ni. Ẹ wọn ṣúgà kẹ́ ẹ tó pe wòlíì. Èkejì, oògùn ara ríro: diclofenac, ibuprofen. Gbogbo èèyàn ló ń rà á lójú ọ̀nà. Ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ̀kẹta, diazepam tí wọ́n ń fún wọn kí wọ́n lè sùn, tí wọ́n á fi ṣubú lóru lójú ọ̀nà ilé ìtọ̀, tí itan á kán. Ẹ̀kẹrin, àgbo. Mi ò bá àgbo jà, ìyá mi ń ta á. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ fún mi iye ohun tó wà nínú ife kan, kí n wá mọ bó ṣe máa ṣe pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀.

Ẹ má dá oògùn kankan dúró fúnra yín o. Ẹ kàn kó wọn jọ kí ojú kan rí wọn.

Àkànkẹ́_Ìdíàpẹ (Ìbàdàn)

Ẹ̀yin ará, mo gbé ọ̀rá náà lọ. Oríṣi oògùn méjì, páálí wọn yàtọ̀, àwọ̀ wọn yàtọ̀, orúkọ ńlá tó wà níwájú yàtọ̀. Oníkẹ́mísì yí páálí méjèèjì padà, ó fi ìka tọ́ ibi tí wọ́n kọ lẹ́tà wẹ́wẹ́ sí. Amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ni méjèèjì. Dókítà ẹ̀jẹ̀ ríru kọ ọ̀kan kí Màmá tó dùbúlẹ̀, ọsibítù sì kọ èkejì nígbà tí wọ́n ń dá wọn sílẹ̀. Ó ní oògùn yìí lè mú ẹsẹ̀ wú, ó wá bi mí bóyá ẹsẹ̀ Màmá ń wú. Ẹsẹ̀ méjèèjì ń wú! Nọ́ọ̀sì ti ní ká máa gbé e sókè, físíò ní àìrìn ló fà á, ìyá ìjọ ti fi òróró pa á.

Mo ti pe dókítà, ó ti dá ọ̀kan dúró, ó sì ní ká máa kọ ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ kó lè wò ó.

Ọmọ_Adó

Ẹ kú oríire ti oògùn. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ ìjọba díẹ̀, nítorí tí a bá fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdílé, ìdílé tí kò ní Kánádà ńkọ́?

Ní Èkìtì, ní 2011, Gómìnà Fáyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó tó ti pé ọdún 65 tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì ní ₦5,000 lóṣù. Ọ̀ṣun náà ní ti wọn nígbà Arẹ́gbẹ́ṣọlá, Àgbà Ọ̀ṣun, ₦10,000. Ìyá ìyá mi gbà á. Ó ń fi ra oògùn àti ọṣẹ, kò sì ní láti bẹ ẹnikẹ́ni kó tó rà á. Nígbà tí ìjọba yí padà, owó yẹn dúró. Bí ètò bá so mọ́ gómìnà kan, ìbò kan ló máa gbé e lọ.

Òfin wà o. Òfin 2017 ló dá National Senior Citizens Centre, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà, sílẹ̀. Òfin ìlera ti 2014 ní kí wọ́n ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera ìpìlẹ̀. Òfin NHIA tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún 2022 ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ìdánilójú ìlera (health insurance). Ṣùgbọ́n èmi ò tíì rí ẹni tó fi káàdì ìdánilójú ìlera yẹn san owó ẹni tó ń wẹ ìyá rẹ̀ nílé.

Ẹ wo Jàpáàn. Láti oṣù kẹrin 2000, ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún ló ń dá owó ìtọ́jú àgbà. Tó bá wá di pé ìyá rẹ nílò ìrànlọ́wọ́, òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní care manager á wá jókòó tì yín, á to ètò ọ̀sẹ̀ yẹn pọ̀: ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì ń wá, ọjọ́ tí wọ́n ń wá wẹ̀ wọ́n, ọjọ́ tí wọ́n ń gbé wọn jáde lọ bá ẹgbẹ́ wọn. “Ènìyàn kan” tí Nọ́ọ̀sì sọ yẹn, iṣẹ́ oṣù ni níbẹ̀.

Táíwò_Belfast

Ọmọ Adó, òótọ́ lo sọ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bomi sí i díẹ̀. Northern Ireland ni mo wà. Níbí, abẹ́ òrùlé ìjọba kan náà ni ìlera àti ìtọ́jú àwùjọ ti wà láti 1973. Ohun tí England ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ní 2022 yẹn, ó ti wà níbí kí wọ́n tó bí mi. Àjọ ìjọba márùn-ún tí wọ́n ń pè ní trọ́ọ̀sì (trust) ló ń ṣe méjèèjì pọ̀. Síbẹ̀, ibí ni títò sórí ìlà de dókítà ti burú jù ní gbogbo UK, àwọn arúgbó tí ara wọn ti yá ṣì ń sùn sí ọsibítù nítorí kò sí ẹni tó máa wá wẹ̀ wọ́n nílé.

Kí á da ọ́fíìsì pọ̀ kò túmọ̀ sí pé ọwọ́ pọ̀. Tí ẹ bá ní alámòójútó kan ṣùgbọ́n ẹ ò rí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an, ìpàdé lẹ máa máa ṣe.

Bàbá_Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣé, Táíwò. Ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Ọwọ́!

Dúpẹ́_Peckham

Bàbá, ọwọ́ ń gbowó o. Ọ̀pọ̀ lára àwọn ọwọ́ tó yẹ kó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ wà níbí pẹ̀lú mi, à ń wẹ ìyá ẹlòmíràn kí á lè rí owó fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń wẹ ìyá tiwa. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: èló ni wọ́n ń san fún ọmọbìnrin tí wọ́n mú wá láti abúlé yẹn? Ta ló kọ́ ọ bí a ṣe ń gbé ẹni tó ní rọpárọsẹ̀?

Físíò_Ìlọrin

Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ibi tí mo ti ń bá ìṣòro pàdé nìyẹn.

Àkànkẹ́, ẹ gbé ọmọbìnrin náà síwájú físíò yín ní ìgbà tó bá tún wá. Kó má kàn ṣe eré ìdárayá fún Màmá kó sì lọ. Kó kọ́ ọmọ náà. Ẹ sọ fún un pé kó má fa apá ọ̀tún Màmá rárá. Mo mọ̀ pé ohun tó ń ṣe láti gbé wọn dìde nìyẹn, gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é. Apá tó ti kú ara, tí ẹ bá ń fà á, èjìká á yẹ̀, ìrora rẹ̀ á sì jẹ́ kí Màmá kọ ìdárayá. Kó má ki ọwọ́ sí abíyá wọn náà. Kí Màmá sún síwájú lórí àga, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ dáadáa, kí wọ́n tẹ orí síwájú, kí ọmọ náà di ìdí àti ẹ̀yìn mú, kó wá ka “ení, èjì, ẹ̀ta” kí wọ́n jọ dìde. Tí àga bá rẹlẹ̀ jù, ẹ gbé pákó sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ kan án mọ́ ọn. Àga ìrọ̀gbọ̀kú onítìmùtìmù tó wà ní pálọ̀ yẹn, ẹ gbàgbé rẹ̀, ó ń gbé àgbà mì ni.

Ní ti ìsinmi àti ìjókòó: ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì lè tọ̀nà, ti físíò yín àti ti nọ́ọ̀sì. Kí wọ́n jókòó láàárọ̀ fún oúnjẹ, kí wọ́n sùn lọ́sàn-án, kí wọ́n tún jókòó nírọ̀lẹ́. Ẹ kọ aago rẹ̀ sínú ìwé. Kí wọ́n má sì dùbúlẹ̀ kété tí wọ́n bá jẹun tán, pàápàá bí oúnjẹ bá ń há wọn lọ́fun. Bí omi bá ń mú wọn húkọ́ nígbà tí wọ́n bá ń mu ún, ẹ sọ fún dókítà kíákíá, nítorí ó lè máa wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Àṣàkẹ́_Mọ́kọ́lá

Ẹ jẹ́ kí n fi tiwa kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe rọpárọsẹ̀. Bàbá mi ń ṣarán. Wọ́n á jí lóru, wọ́n á ní àwọn ń lọ sí oko tí wọ́n ti tà láti ìgbà tí mo wà ní iléèwé. Àwọn mọ̀lẹ́bí ní wọ́n ti fi nǹkan ṣe wọ́n. Ó sú mi kí n máa ṣàlàyé.

Ìbàdàn yìí mà ni wọ́n ti ṣe ọ̀kan lára ìwádìí tó gbajúmọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti 1992, àwọn dókítà UCH, ọsibítù ńlá Yunifásítì Ìbàdàn, àti ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé àwọn arúgbó àdúgbò Ìdíkàn, wọ́n sì ń fi wọ́n wé àwọn arúgbó aláwọ̀ dúdú tó wà lọ́hùn-ún. Èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé tiwa kò tó tiwọn rárá: nínú ọgọ́rùn-ún arúgbó, kò pé ẹni méjì tí àìsàn náà ń bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀ lọ́dún kan ní Ìdíkàn, ó sì lé ní mẹ́ta lọ́dọ̀ tiwọn. Àìsàn ni, wọ́n ń kà á, wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Kì í ṣe ọwọ́ ayé.

A gbé Bàbá lọ sí ilé ìtọ́jú àgbàlagbà tó wà nínú UCH, Chief Tony Anenih, èyí tí wọ́n ṣí ní 2012 fún àwọn tó ti pé ọgọ́ta ọdún. Ohun tó wú mi lórí ni pé a kò ní láti máa gbé Bàbá káàkiri ọsibítù láti ilé kan dé òmíràn. Tí a bá sì ti délé, ó tún ku àwa nìkan. Aládùúgbò tó ń ta ẹ̀kọ ní iwájú ilé ló mọ ìgbà tí Bàbá bá jáde lóru ju dókítà èyíkéyìí lọ, nítorí náà òun náà ti wà nínú ìwé wa báyìí, nọ́ńbà rẹ̀ ló ṣìkejì.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: tí ẹni tí orí rẹ̀ pé lánàá bá ń sọ kántankàntan lónìí, ìyẹn kì í ṣe arán. Arán kì í yára bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ibà, ẹ wá ìtọ̀ tó ní kòkòrò, ẹ wá ṣúgà tó wálẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì (Abẹ́òkúta)

Àṣàkẹ́, ẹ ṣeun fún gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Kátítà gan-an ló máa ń fa kòkòrò ìtọ̀. Àkànkẹ́, mo ṣì ń dúró de ìdáhùn mi.

Àkànkẹ́_Ìdíàpẹ (Ìbàdàn)

Ẹ̀yin ìyá wa, mo béèrè. Nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé sọ pé ọsibítù ló fi í síbẹ̀, òun kàn ń tọ́jú rẹ̀ ni. Mo pe wọ́ọ̀dù, wọ́n ní nígbà tí Màmá ò lè dìde ni wọ́n fi í sí i, wọ́n rò pé ìdílé ti mú wọn lọ sí ibi tí wọ́n á ti yọ ọ́. Ìwé pélébé yẹn ò sì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní Kánádà ti ń sanwó kátítà tí kò sí ẹni tó ní kó ṣì wà níbẹ̀!

Àwa ọmọ ti ṣèpàdé lórí WhatsApp. Èmi ni wọ́n yàn. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ bínú, ó ní ṣé òun ò wá lè bá nọ́ọ̀sì tí òun ń sanwó fún sọ̀rọ̀ ni. A ní kó máa ka ìwé náà: ní alaalẹ́, ọmọbìnrin wa á ya fọ́tò ojú ewé ọjọ́ yẹn sí gúrúùpù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti rọlẹ̀ díẹ̀. A ti fi kún owó ọmọbìnrin náà, àbúrò mi sì ti gbà láti máa wá láti Èkó ní òpin ọ̀sẹ̀ méjì méjì kí ọmọ náà lè lọ sílé.

Dókítà ní ká yọ kátítà náà ní Móńdè. Ẹ̀rù ń bà mí. Báwo la ṣe máa ṣe é lóru?

Bàbá_Ògbómọ̀ṣọ́

Pọ̀ọ́! Ẹ ra pọ̀ọ́, kẹ́ ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ nǹkan kan.

Físíò_Ìlọrin

Bàbá gbà á. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ pọ̀ọ́ ilẹ̀ o, wọn ò ní lè dìde. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà gé ihò sí àárín àga onígi tó ní apá, kí pọ̀ọ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Apá òsì tó lágbára ni kí ẹ gbé e sí, kí wọ́n lè fi ọwọ́ yẹn di àga mú.

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì (Abẹ́òkúta)

Àárọ̀ ni kí wọ́n yọ ọ́ ní Móńdè, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́, kí ẹ lè fi ọ̀sán wo bí yóò ṣe lọ. Ẹ má fi omi dù wọ́n nítorí ìbẹ̀rù. Ẹ máa bi wọ́n ní wákàtí méjì sí mẹ́ta bóyá wọ́n fẹ́ tọ̀, kí ẹ sì kọ aago àti bí ó ṣe pọ̀ tó. Tó bá tó wákàtí mẹ́fà tí wọn ò tọ̀, tàbí tí ìsàlẹ̀ ikùn bá le tó ń ro wọ́n, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ sọ fún un láti òní pé kó fi ọjọ́ Móńdè sílẹ̀ fún yín, kí físíò náà má ṣe wá ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Àkànkẹ́_Ìdíàpẹ (Ìbàdàn)

Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé. Físíò ti gbà, Tusidé ló máa wá. Káfíńtà ní Sátidé ni àga máa jáde, mo sì ti sọ fún àwọn ìyá ìjọ pé kí wọ́n gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ wá dípò àgbo. Wọ́n ń béèrè bóyá Màmá lè jẹ iyọ̀.

Kẹ́mísì_Òṣogbo

Kí iyọ̀ kéré, kí màgí kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, iyọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Kí wọ́n kọ̀wé orúkọ ohun tí wọ́n gbé wá.

Ìyàwó_Ilé_Kúnlé (Ṣàgámù)

Ọkọ mi ka ìjíròrò yìí lánàá. Ó béèrè ìgbà tí mo sùn kẹ́yìn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń bọ̀ ní Fúráìdé, orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé. Tí kò bá wá, ẹ máa gbọ́ níbí.